Ikọ́ Kan Nínú Orin Ìyá Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 1997

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ tí ó wà lọ́nà jíjìn bí Ó ti ń ṣọ́ arúgbó tí ó wà nílé. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ilé òògùn kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Èmi náà wà, mo sì ń dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ni ó ń rán mi létí pé mo ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ti òsì kò tíì ráhùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá ni mo tẹ dùùrù ìjọ fún ìgbà ìkẹyìn. Ìka mi méjì kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo kọ́ ni ó jókòó sí àyè mi báyìí, ó sì ń sáré ju orin lọ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Mo kó ìwé orin mi sínú àpò, mo rọra rìn wálé, mo sì ṣí àpótí ìyá rẹ.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, jọ̀wọ́, jókòó kí o tó fetí sí i. Ohùn ìyá rẹ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Olúwa tó pè é, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tí a fi ń gba ìdánrawò àwọn akọrin wá sí yàrá inú. Orin tí ó fúnra rẹ̀ ṣe fún ọ ni ó kọ, èyí tí ó máa ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí o wà lọ́wọ́, nínú èyí tí ó ti fún ọ ní orúkọ tí a kò pè ọ́ rí ju inú ilé wa lọ:

Abẹ́rẹ́ mi ló ṣíwájú,
Òwú rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn;
Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lọ,
Òwú kì í béèrè ọ̀nà.

O mọ irú ohùn tí ìyá rẹ ní. Ogún ọdún ni ó fi ṣíwájú àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí ó bá gbé orin, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé ìjọ a pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti fọ́ ohùn náà. Nígbà tí ó gbọ́ ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, “Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ búra fún mi. Ọmọ mi nìkan ni kó gbọ́ ohùn yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa rántí èyí tí wọ́n mọ̀.” Mo búra.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi pa á mọ́, nítorí mo ń rò pé yóò dá ọ lóró. Ẹ̀dà ni mo fi ránṣẹ́. Èyí tí a fi gba ohùn rẹ̀ gan-an wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ rí. O mọ̀ wọ́n: Atúnrédíòṣe tí a ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti Télọ̀ tí kò rí orin kan rí tí kò ní àlèébù. Ọgbọ̀n ọdún ni àwa mẹ́ta ti ń gbé orin wá fún ara wa gbọ́, tí a sì ń jiyàn lé e lórí. Ìwọ náà mọ̀ pé kò rọrùn fún mi láti ní orin rere lọ́wọ́ kí n má fi yangàn. Síbẹ̀ n kò fi èyí yangàn. Ìwọ náà, má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ìwọ yóò gbọ́ ikọ́ kan nínú ẹsẹ̀ kejì. Èmi ni mo hú u, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ìwọ yóò sì gbọ́ ìlẹ̀kùn yàrá inú bí ó ti ń ké. Nígbà tí orin parí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni mo pa ẹ̀rọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí ó ń rántí rẹ lórí eékún.


Ogúnjọ́, oṣù Keje, 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfaradà orúnkún. Ó dùn mí pé ẹ ti fi dùùrù sílẹ̀. Ta ni yóò máa wo àwọn akọrin láti inú dígí kékeré orí dùùrù yẹn, tí wọn yóò fi máa gbọ̀n?

Kásẹ́ẹ̀tì dé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, mo gbé ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀ mi. N kò ní sọ púpọ̀, Bàbá. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní ṣé èmi tí mo ń po òògùn fún ènìyàn kò ní òògùn ojú wíwú ni. Mo ní kò sí.

Èyí tí ẹ sọ nípa ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti rí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ní ọ̀sán Sátidé, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe, àwa mẹ́fà ni a ń gbé orin tí a fẹ́ràn wá. Olórí wa ni Onírùngbọ̀n, tí ó ń ta àwo orin. Bàbá afọ́jú kan sì wà níbẹ̀ tí ó ń tún dùùrù ṣe, Bàbá Elétí ni wọ́n ń pè é. Bí èèrà bá rìn, yóò sọ ibi tí ó gbà kọjá. A ní òfin kan: orin tí a bá gbé wá ní Sátidé kan yóò lọ sùn ní ilé ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lé e lórí ní Sátidé kejì.

Ọmọ Rédíò ni wọ́n ń pe èmi. Wọ́n ní ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́ tán lórí rédíò ni mo máa ń gbé wá. Onírùngbọ̀n a ní, “Ọmọ Rédíò, ṣé ìròyìn aago mẹ́rin náà wà nínú rẹ̀?” Wọn a bú sẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kì í dé ọ̀fun. Nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní kí kálukú mú orin tí ẹlòmíràn láyé kò ní wá. Bàbá, ẹ bá mi wá ọ̀kan nínú àwọn orin ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ gbà sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 1997

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà fún ọ àti fún àwọn tí ó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Inú mi dùn dé ibi tí n kò mọ pé ó tún lè dé, pé ọmọ tí mo fi ọ̀pá nà nítorí dùùrù ti wá di olólùfẹ́ orin. Òfin ẹgbẹ́ yín dára. A gbìyànjú irú rẹ̀ níhìn-ín, Télọ̀ ni ó bà á jẹ́: àwo méjì tí ó sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ kò jí mọ́ títí di òní.

Orin ìkórè tí àwa ọgọ́ta ènìyàn kọ ní ọdún tí a ṣí ilé ìjọ tuntun ni mo fi ránṣẹ́. Sọ fún Bàbá Elétí kí ó fi etí sí ìlà kẹta. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣìnà, ìyá rẹ sì fi ohùn kan ṣoṣo fà wọ́n padà bí ẹni tí ó mú ọmọ lọ́wọ́ kọjá títì. Ohùn rẹ̀ ní àkókò ìlera nìyẹn. Èyí ni kí o fi yangàn.

Káfíńtà wá lánàá, ó ní òun yóò fi òróró sí ìlẹ̀kùn yàrá inú lẹ́yìn òjò. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ ná.

Kọ̀wé sí mi bí ó bá ti rí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìlẹ́yìn, ẹ kú wàhálà mi. Orin ìkórè dé, ó sì dùn, ṣùgbọ́n Sátidé tí mo ń wí ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó dé. Mo ti gbé nǹkan mìíràn lọ, orin kékeré kan báyìí. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ó parí, Onírùngbọ̀n tí kì í dákẹ́ bọ́ fìlà lórí. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pè mí ní Ọmọ Rédíò mọ́.

Iṣẹ́ pọ̀ gan-an, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Mo fi aṣọ òtútù méjì ránṣẹ́; ọ̀kan ni ti yín, èkejì ẹ fún Atúnrédíòṣe kí ó má baà jowú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejì, 1998

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ. Aṣọ òtútù dé, Ọlọ́run yóò wọ ìwọ náà láṣọ.

Ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé, mo mọ̀. Mo ti mú kálámù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì fẹ́ kí o ro ó dáadáa kí o tó dáhùn, bí mo ti kọ́ ọ láti máa ṣe níwájú pẹpẹ àti níwájú òbí. Orin ìyá rẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ yàtọ̀ sí ìwọ?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 1998

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìwé yín kúrú débi pé àyà mi já. Ṣé ara yín dá?

Rárá o, Bàbá mi. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Inú àpótí aṣọ mi ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà; ìborùn aláwọ̀ ewé tí Màmá fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ ni mo fi wé e. Bí ó bá wù mí láti gbọ́ ọ, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn ná. Kí ló dé tí ẹ fi béèrè? Ta ni ó sọ nǹkan fún yín?

Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dàrú. Mo mọ ohun tí ìbúra jẹ́.

Ọmọ yín ní tòótọ́,
Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 1998

Sí ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ. Mo kà á ní ìdúró, mo kà á ní ìjókòó, mo sì gbé e lọ sí iwájú Ọlọ́run, bóyá èmi ni ojú mi ti ṣú. Ìborùn aláwọ̀ ewé yẹn ni ó pa mí, ọmọ mi. Ì bá ṣe pé “rárá” nìkan ni o kọ, ǹ bá sọ pé ìbẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n o wọ aṣọ fún irọ́ náà, o sì mú aṣọ náà nínú ẹrù òkú.

Gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kìíní, Atúnrédíòṣe ní àna òun tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti kó kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti òkè òkun. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ èdè wa, mi ò sì gbọ́ irú ẹ̀ rí.” Ó fi í sínú ẹ̀rọ. Mo jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, lábẹ́ àwọn rédíò tí kò ní ìfun, mo sì gbọ́ ohùn ìyàwó mi.

Wọn kò mọ̀ ọ́n, Abẹ́rẹ́. Télọ̀ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nílé ìjọ fún ogún ọdún kò mọ̀ ọ́n. Ó mi orí, ó ní, “Orin àwa télọ̀ mà nìyí! Ohùn yẹn ti ṣá, àmọ́ bó ṣe ṣá yẹn ló fi wù mí. Ó dà bí aṣọ àtijọ́.” Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ kejì dé, tí ikọ́ sì jáde. Atúnrédíòṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni òpònú tó ń húkọ́ yìí? Kò ríbi húkọ́ sí láyé àfi inú orin olórin!” Télọ̀ ní, “Ìjàpá ni. Ó ti jẹ̀bi dé inú kásẹ́ẹ̀tì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá bi mí: “Ọ̀gá Dùùrù, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé orin. Kí lẹ rí sí i?” Bí ọkùnrin tí wọ́n bi léèrè lẹ́bàá iná tí ó ní òun kò mọ olúwa òun rí, mo la ẹnu mi, mo ní, “Ohùn náà ti fọ́.” Mo dìde, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sílé. Lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: Obìnrin Kan. Kò ní orúkọ. Ó bí ọ, ó wẹ̀ ọ́, ó rán aṣọ ilé ìwé rẹ, o sì tà á fún ayé ní Obìnrin Kan.

Nítorí náà, nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe pé n kò mọ̀. Àyè ni mo fi sílẹ̀ fún ọ, bí a ti ń fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì fún ẹni tí ó pẹ́ níta. O gba ojú fèrèsé wọlé.

N kò gégùn-ún. Ẹnu tí mo fi súre fún ọ kò mọ èyí ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin, 1998

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí, kì í ṣe láti fi gbèjà ara mi. Ní Sátidé náà, orin yín kò tíì dé. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì Màmá sínú àpò, mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n óò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, n óò sì gbé e padà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà ní nǹkan, Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé inú Màmá yóò dùn sí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo nawọ́ láti mú un, Onírùngbọ̀n ní, “Òfin ńkọ́? Ọ̀dọ̀ mi ni yóò sùn. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.” Mo ní orin yìí kì í sùn níta. Ó ní, “Kí ló fà á? Ta ló kọ ọ́?” Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìbúra yín wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà mí, mo ní, “Obìnrin kan nílé wa ni.” Èmi ni mo fún un ní orúkọ yẹn. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nítorí ìtìjú; ó dá a padà fún mi ní Sátidé kejì.

Nígbà tí ìwé yín dé, mo lọ bá Onírùngbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní, “O da orin ìyá mi kọ, o sì ń tà á.” Ó wò mí, ó ní, “Ìyá ẹ? Ìwọ lo sọ pé obìnrin kan. Ṣé gbogbo obìnrin kan ni kí n máa wá lọ sílé láti tọrọ àyè?” Ó kó èyí tí ó kù lórí igbá fún mi, mọ́kàndínlógún, ó ṣe ìlérí pé òun kò ní da òmíràn kọ. Èyí tí ó ti lọ ti lọ. N kò lọ sókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe mọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Elétí ní kí wọ́n mú òun wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó dúró níwájú fèrèsé tí a ti ń gba òògùn, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé ìyá rẹ ni. Pẹ̀lẹ́. Nǹkan kan wà tí n kò lè sọ fún ọ nígbà tó jẹ́ obìnrin kan lásán. Lẹ́yìn tí ó kọrin tán, ó mí sínú. Kì í ṣe èémí ẹni tó rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń mí. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló ń mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìró yàrá yẹn kú lójijì bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé okùn. Ẹni tó da kásẹ́ẹ̀tì tí o gbé wá fún wa kọ ló gé e.”

Mo padà sílé, mo tún un gbọ́. Òótọ́ ni. Ó mí sínú, Bàbá.

Ẹ kọ ọ́ sí mi pé kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo bẹ̀ yín, mo mọ̀ pé n kò lẹ́nu láti béèrè: kí ni Màmá fẹ́ sọ?

Abẹ́rẹ́.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹfà, 1998

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà fún ẹni tí ń pín lẹ́tà. Mo pe ilé Atúnrédíòṣe. Ó ní ara yín le, pé ẹ ní òun kò gbọdọ̀ pè yín wá sórí fóònù.

Mo ṣẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé ìdákẹ́jẹ́ náà a máa jẹ́ ìdáhùn. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn èémí yẹn, gbólóhùn kan ni yóò tó: kò sí nǹkan kan. Ẹ kò kọ ọ́. Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni ẹ fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni?

Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 1998

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Kí Aláàánú ṣàánú fún àwa méjèèjì. Èmi ni mo nílò rẹ̀ jù.

Afọ́jú rẹ ríran jù mí lọ. Èmi ni mo gé e. Nígbà tí mo tilẹ̀kùn mọ́ ara mi láti da orin náà kọ fún ọ, ìka mi tí kò lè tẹ dùùrù mọ́ tẹ bọ́tìnnì náà kíákíá.

Lẹ́yìn orin, ìyá rẹ ní, “Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ ránṣẹ́ sí i. Kó wá. Kó fi ìdánwò sílẹ̀, ìdánwò mìíràn á wà. Ẹ jẹ́ kí n rí i.” Ohun tí ó sọ nìyẹn.

N kò ránṣẹ́. Ìdánwò ìkẹyìn rẹ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò ó pé bí o bá wálé, ìwé ìrìnnà rẹ kò ní gbé ọ padà, ọdún mẹ́ta rẹ yóò sì di òfo. Mo ní ìyá rẹ lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Mo fi ọgbọ́n mi rọ́pò àdúrà. Ó lọ, o sì yege ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Tẹ́lígíráàmù ayọ̀ rẹ bá mi lórí ẹní ọ̀fọ̀. O sì rántí ohun tí mo kọ sí ọ lẹ́yìn ìsìnkú, pé àìsàn náà dé lójijì, àti pé ìyá rẹ ní kí a má ṣe dà ọ́ láàmú. Kò sọ ọ́. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu. Ọdún méje ni mo fi ń gun pẹpẹ lọ gba oúnjẹ mímọ́ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé Obìnrin Kan ni ìyàwó mi. Télọ̀ dìde dúró, ó sì wà ní ìdúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Atúnrédíòṣe ní, “Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Mo pè yín ní òpònú.” Mo ní, “O kò ṣì í pè.”

Ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì náà ni mo fi lé àna Atúnrédíòṣe lọ́wọ́ fún ọ. N kò da ẹ̀dà kankan kọ. Nǹkan kan ṣì kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá rẹ tí ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ. Ìwọ yóò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ohun tí o bá fẹ́ pè mí ni kí o pè mí.

Ẹni tí ó jẹ́ bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹsàn-án, 1998

Bàbá mi,

Ìkíni ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi kò gbé e lónìí.

Mo gbọ́ orin náà. Mo gbọ́ ikọ́ yín. Mo gbọ́ èémí, mo sì gbọ́ bí Màmá ti ní kí ẹ ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn yín, láìsí ikọ́ kankan nínú rẹ̀: “Mo ti ránṣẹ́ sí i.”

Màmá ní, “Lóòótọ́?”

Ẹ ní, “Ó ti wà lọ́nà.”

Ó rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀, kí n lè máa wo ẹnu ọ̀nà.” Mo gbọ́ bí ẹ ti gbé ìrọ̀rí náà. Ẹ̀rọ sì kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbàkúùgbà tí ìlẹ̀kùn yẹn bá ké, ta ni ó rò pé ó dé?

Mo ti gbìyànjú láti wọn irọ́ wa méjèèjì, bí mo ti ń wọn òògùn, kí n mọ èyí tí ó wúwo jù. N kò lè ṣe é. Èmi fi ìborùn wé tèmi, ẹ̀yin fi ìrọ̀rí sí abẹ́ tiyín. Tèmi gbé ohùn rẹ̀ káàkiri ayé. Tiyín kọ ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé. Ẹ bínú sí mi pé mo pè é ní Obìnrin Kan, ẹ sì jàre. Ṣùgbọ́n mo fi òru àti ọ̀sán ọdún méje gbàgbọ́ pé ìyá mi kò béèrè mi.

N kò tíì lè dárí jì yín. Mo sọ ọ́ kí ó má baà di irọ́ kẹta láàárín wa.

Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ni n óò dé. Ẹ má wá pàdé mi. Ibojì Màmá ni n óò kọ́kọ́ lọ, n óò sì dá lọ. Ẹ sọ fún un pé mo wà lọ́nà. Ẹ ti sọ ọ́ rí. Ẹ tún un sọ, ní báyìí tí ó ti di òótọ́.

Bí káfíńtà bá sì dé, ẹ má jẹ́ kí ó fi òróró sí ìlẹ̀kùn yàrá inú. Mo fẹ́ kí ó ké nígbà tí mo bá ń wọlé.

Abẹ́rẹ́.